Ilé Kérésì Tí A Kọ́ ní Bódìjà

Bí wọ́n bá ń din ṣinṣín, òórùn bọ́tà àti nọ́tímẹ́ẹ̀gì ló máa ń kọ́kọ́ jáde, kí ti òróró gbígbóná tó bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Kérésì ọdún tí mo ń sọ yìí, òórùn náà ti kún ilé ìdáná wa ní Bódìjà, ó ti gba pálọ̀, ó ti wọ inú kọ́tìnì. Èmi ni mo dúró ti agbada. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, wà lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọmọ wa méjèèjì jókòó sídìí tábìlì: ọmọbìnrin wa tó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí kò tíì wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Rúlà ni wọ́n fi ń gé ìyẹ̀fun tí mo ti pò. Mo ti ní kí wọ́n gé e ní igun mẹ́rin kéékèèké. Obìnrin gé tirẹ̀ bí mo ṣe wí, ọkùnrin ń gé tirẹ̀ bí ejò, bí bàtà, bí nǹkan mìíràn tí òun nìkan mọ̀. N kò ráyè bá a jiyàn. Mo din gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì dùn bákan náà lẹ́nu.

A kò tíì pẹ́ ní Bódìjà nígbà náà. Agbowó la ti kó wá, láti inú ilé kan tí yàrá pọ̀ níbẹ̀, tí ọmọ sì pọ̀ ju yàrá lọ. Ní Agbowó, ẹnikẹ́ni kì í pe ọmọ ẹlòmíì wá jẹun. Bí ìrẹsì bá ti ń hó, wọ́n á ti dé ẹnu ọ̀nà fúnra wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni o, télọ̀ ni o, olùkọ́ ni o, ẹnu ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà wọlé. Ariwo ibẹ̀ ni èmi sá fún. Mo fẹ́ ibi tí n ó ti sùn ní òwúrọ̀ Sátidé tí ẹnikẹ́ni kò ní fi rédíò jí mi. Bódìjà sì fún mi ní ohun tí mo fẹ́ lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́: ògiri gíga, géètì ńlá, àti àdúgbò tó dákẹ́ débi pé bí aládùúgbò bá húkọ́ nínú yàrá rẹ̀, a ó gbọ́. Inú mi dùn sí i, n kò ní purọ́.

Ọmọ mi obìnrin ni ìdákẹ́jẹ́ náà kò bá lára mu. Gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà ní Agbowó. Tó bá ti ti ilé ìwé dé, á lọ dúró síbi ihò kékeré tó wà lára géètì wa, á máa wo àwọn ọmọ tó ń kọjá pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ wọn. Tí wọ́n bá wo ọ̀dọ̀ rẹ̀, á yára kúrò níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó ṣí géètì kó kí wọn. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun máa sọ lẹ́yìn kíkí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, bí a ṣe ń jẹun, ó bi mí pé: "Dádì, níbí yìí, ta la máa gbé oúnjẹ Kérésì fún?"

Ẹ kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe é. Ní Kérésì, a ó gbé ìrẹsì àti adìẹ fún àwọn Mùsùlùmí tí a jọ ń gbé. Tó bá di Iléyá, ẹran àgbò á dé sọ́dọ̀ tiwa náà.  Kò sí ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ ní gbogbo òpópónà náà, àfi mẹ́gáàdì ilé kejì.

"A lè pè wọ́n kí wọ́n wá jẹun lọ́dọ̀ wa," ni mo wí.

"Tí wọn ò bá wá ńkọ́?"

"Wọ́n á wá."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo ti mọ̀ pé mo ti ṣe ìlérí tí n kò lè yẹ̀. Ọmọ yẹn kì í gbàgbé ohun tí èèyàn bá sọ. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé kí la máa ṣe tí wọ́n á fi fẹ́ wá.

Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni ilé Kérésì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn lásìkò tí èmi náà ń dàgbà á rántí rẹ̀. Àwọn ọmọdé á kó ọparun àti imọ̀ ọ̀pẹ jọ, wọ́n á fi kọ́ ahéré kékeré sẹ́yìn ilé, wọ́n á so bàlúùnù àti bébà aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́ ọn lára, tó bá sì di ọjọ́ Kérésì, inú rẹ̀ ni wọ́n á ti máa jẹ tí wọ́n á ti máa mu bí ẹni tó ni ilé ti ara rẹ̀. Bàbá mi jẹ́ díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi, ará Ṣakí, ọkùnrin tí kì í dá sí eré ọmọdé. Síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń bá wa ri ọparun mọ́lẹ̀. N kò tíì rí ọmọ tó rí ilé Kérésì tó sì lè rìn kọjá láìwọ ibẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni àkókò. Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Iye wákàtí tí iṣẹ́ bá sì fi sílẹ̀ fún mi, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá á gba ìdajì rẹ̀. Dúútì ìyàwó mi sì ń yí láti òwúrọ̀ sí ọ̀sán, láti ọ̀sán sí òru. Nítorí náà, a gé iṣẹ́ náà wẹ́wẹ́. Bí a bá ti jẹun tán nírọ̀lẹ́, ká tó palẹ̀ abọ́ mọ́, a ó ṣe ìwọ̀nba tí a bá lè ṣe, a ó fi ìyókù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, a gé kàlẹ́ńdà àtijọ́ sí tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, a po ìyẹ̀fun mọ́ omi gbígbóná títí ó fi ki, a sì fi í lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn di ẹ̀wọ̀n gígùn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, èmi ń fi ìṣó lu ihò sára agolo mílíìkì kí iná àbẹ́là lè máa gba ibẹ̀ yọ. Ìràwọ̀ ni mo fẹ́ lu sí i. Ó jọ alákàn. Ọmọkùnrin mi ní alákàn náà dára, ó sì ní kí n lu òmíràn fún òun.

Páálí kọ́nfíléèkì ni ọmọ mi obìnrin gé fi ṣe káàdì ìpè. Ó ya ahéré sí iwájú rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú pé: "Ẹ wá bá wa jẹun nínú ilé Kérésì wa lọ́sàn-án ọjọ́ Kérésì. Ẹ má mú nǹkan kan wá." Ìyá rẹ̀ ló ní kó fi gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kún un. Ó lọ ti àwọn káàdì náà bọ abẹ́ géètì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sáré padà bí ẹni tó jí nǹkan. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi lé lọ́wọ́, ìyẹn Alhája àgbàlagbà tí ilé rẹ̀ dojú kọ tiwa. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni Alhája yìí, àwọn ẹbí rẹ̀ ló ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó to búlọ́ọ̀kù lé e. Ó máa ń jókòó sẹ́nu géètì rẹ̀ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí "Ẹ káalẹ́, mà," n kò tíì bá a sọ̀rọ̀ rí.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní oko lẹ́yìn Ọ̀jọ́ọ̀. Ó ní kí n wá gé imọ̀ ọ̀pẹ tó bá wù mí. Mo gé èyí tó ti gbó, aláwọ̀ ewé, fún òrùlé. Ṣùgbọ́n ewé tó ti gbó yìí máa ń ya ọmọ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ mi fẹ́ hun nǹkan. Ni mo bá ní kí ọkùnrin tó ń bá mi gun ọ̀pẹ náà gé ọ̀mùnú rẹ̀ fún mi pẹ̀lú, àwọn tí kò tíì là, tí àwọ̀ wọn wà láàárín funfun àti ìyeyè. Wọ́n rọ̀ múlọ́múlọ́ lọ́wọ́. Ọkùnrin náà wò mí, ó wo òkè ọ̀pẹ, ó gé e fún mi. Mo dì í sẹ́yìn ọkọ̀, mo gbé e wálé, inú mi ń dùn sí ọgbọ́n tí mo dá.

Nírọ̀lẹ́ tí a din ṣinṣín tán, ilé Kérésì ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Ẹ̀wọ̀n kàlẹ́ńdà wà lára rẹ̀, alákàn méjèèjì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀mùnú ọ̀pẹ ṣẹ́kù púpọ̀. Ọmọbìnrin mi ti là á fínnífínní, ó ti hun orí rẹ̀ mọ́ okùn kan, ìyókù ń fì wálẹ̀ bí irun. Ó ní òun fẹ́ kí á ta á sí ẹnu géètì, kí ẹni tó bá ń bọ̀ lè mọ̀ láti òkèèrè pé ilé wa nìyí. Mo gbé àkàbà, mo ta á láti òpó kan dé èkejì. Ó gùn dé orúnkún èèyàn. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń fẹ́ ẹ lẹ́lẹ́lẹ́. A dúró láàárín títì, a wò ó, a sì gbà pé kò sí géètì tó lẹ́wà tó o ní gbogbo Bódìjà.

Ní ọjọ́ Kérésì, ìyàwó mi ti lọ sí dúútì òwúrọ̀ kí àwọn ọmọ tó jí. Ó ti din ata sílẹ̀ fún mi, ó sì ti kìlọ̀ fún mi léraléra pé n kò gbọdọ̀ máa ro ìrẹsì bí ẹni ń ro ẹ̀bà. A lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a tètè padà. Mo gbé ìkòkò ka orí àdògán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahéré, mo da ata àti omi adìẹ sí i, mo da ìrẹsì sí i, mo sì gbé ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kìlọ̀ fún mi. Ó jinná dáadáa. Ó tiẹ̀ jó díẹ̀ nísàlẹ̀, èyí tí àwọn tó mọ jọ́lọ́ọ̀fù máa ń fẹ́. Ọmọ mi tẹ́ ẹní sínú ahéré, ó to ife, ó to abọ́, ó bu ṣinṣín sínú àwo kọ̀ọ̀kan. Ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu. Ó wá jókòó, ó fi ọwọ́ lé orúnkún, ó ń retí.

A retí títí. Láti ibi tí mo jókòó sí, ewé tí a ta kò jẹ́ kí n rí ojú àwọn tó ń kọjá, ẹsẹ̀ wọn ni mo ń rí nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo rí bàtà ọmọdé, tuntun, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ó dé ẹnu géètì wa, ó dúró. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bàtà náà yí padà, ó lọ. Láìpẹ́, ẹsẹ̀ obìnrin kan dé pẹ̀lú ti àwọn ọmọ kéékèèké. Ó dúró, ó fa àwọn ọmọ náà sẹ́yìn, wọ́n sọdá sí òdì kejì títì. Ọkọ̀ kan tiẹ̀ rọra dé, ó dúró, ó sì fẹ̀yìn rìn padà.

Inú bí mi gidigidi. Ará Bódìjà! Mo ní ẹ wò wọ́n, wọ́n fẹ́ wá yọjú wo ilé wa ni, wọn ò fẹ́ bá wa jẹun. Mo ní ó dájú pé káàdì páálí ni wọ́n rí, wọ́n sì ti mọ irú ẹni tí a jẹ́. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ fún ìyàwó mi tó bá dé, pé ká padà sí Agbowó níbi tí èèyàn ti jẹ́ èèyàn. Ọmọkùnrin mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣinṣín inú àwo àwọn àlejò. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tiẹ̀ bá a wí. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ojú rẹ̀ wà lẹ́nu géètì. Mo ti sọ fún un pé wọ́n á wá.

Bí mo ṣe fẹ́ dìde lọ ti géètì náà ni mo gbọ́ ohùn kan láti àárín títì.

"Ẹ̀yin ará ilé yìí o! Ẹ jáde sí mi!"

Alhája iwájú ilé wa ni. Ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sún mọ́ géètì. Mo jáde, mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Ẹ kú ọdún. Ọdún á yabo. Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Kí lẹ ń bọ nínú ilé yín?"

"Kí la ń bọ bíi báwo, mà?"

Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí òkè orí mi. "Ẹ ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ọmọ-ọmọ mi ti múra láti àárọ̀, wọ́n dé ibí, wọ́n sá padà wá bá mi. Ìyá tó ń gbé ilé aláwọ̀ eérú yẹn kó àwọn ọmọ tiẹ̀ wá, ó ní ó jọ pé orò ilé yín lẹ ń ṣe, òun ò fẹ́ já wọ ohun tí kò kan òun. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ọmọ onílẹ̀ ló wá ta á, pé wọ́n ti ń bá lánlọ́ọ̀dù yín du ilé. Mo ní ọmọ onílẹ̀ wo? Ṣebí àwa la ni ilẹ̀ ibí, mi ò sì rán ẹnì kankan níṣẹ́."

Mo yíjú padà, mo wo géètì mi. Bí mo bá rí nǹkan yẹn níwájú ojúbọ, tàbí lórí ilẹ̀ tí ìdílé méjì ń jà sí, n ó ti dá a mọ̀ láti òkèèrè, n ó sì gba ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ mi ni mo ti rí i, lórí tábìlì oúnjẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sísọ́ọ̀sì àti àtè ìyẹ̀fun, ojú mi kò sì kà á sí nǹkan mìíràn ju ọ̀ṣọ́ lọ. Èmi ọmọ díákónì, mo gbé àkàbà, mo fi ọwọ́ ara mi ta màrìwò sẹ́nu ọ̀nà de ọjọ́ ìbí Olúwa.

"Kérésì ni, mà," ni mo wí. "Ọmọ mi ló hun ún."

 Èjìká Alhája bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ní láti fi ọ̀pá rẹ̀ di ara rẹ̀ mú. "Onígbàgbọ́! Ẹ̀yin Onígbàgbọ́!" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ, kò lè parí rẹ̀.

N kò mọ̀ pé ọmọ mi ti jáde, pé ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn mi.

"Ṣé èmi ni mo lé wọn, mà?"

Alhája dá ẹ̀rín náà dúró. "Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún yín ni. Wọ́n rò pé ẹ ní nǹkan tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, wọn ò fẹ́ bà á jẹ́ fún yín. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, ṣóo gbọ́? Kò kàn yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà ni. Gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé. Mi ò ní gba abẹ́ ẹ̀ kọjá o, bí ẹ ò bá tíì tú u."

Mo gbé àkàbà padà, mo tú u. Ọmọ mi gbá a mọ́ra, ó gbé e lọ sẹ́yìn ilé. Alhája yíjú sí òpópónà, ó sì pariwo pẹ̀lú ohùn tí n kò mọ̀ pé ó lè jáde lẹ́nu obìnrin tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀: "Ẹ máa bọ̀ o! Kérésì ni o! Ìrẹsì ni wọ́n ń bọ!"

Àwọn géètì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó jọ pé gbogbo wọn ti dúró lẹ́yìn géètì wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ Alhája ló kọ́kọ́ wọlé, wọ́n gbé mósà nínú àwo tí wọ́n fi aṣọ bò. Ìyá ilé aláwọ̀ eérú gbé kúlà mọ́ínmọ́ín dání, ó ń bẹ̀ mí, èmi náà ń bẹ̀ ẹ́. Gbogbo wọn ló mú nǹkan kan wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ahéré kún, ọmọ ń ta ọmọ nù. Ọmọbìnrin mi ń bu ìrẹsì, ó ń pàṣẹ fún àwọn tó jù ú lọ pé kí wọ́n fún àwọn kékeré láyè. N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti kúrò ní Agbowó. Àbúrò rẹ̀ ń ta ṣinṣín rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ọlọ́jà, ó ń sọ fún wọn pé èyí ni ejò, èyí ni bàtà.

Nígbà tí ìyàwó mi fi máa dé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ó dúró lẹ́nu géètì, ó wo nọ́ńbà ilé. Alhája ló pè é wọlé. Ìrẹsì ti tán pátápátá, èyí tó jó nísàlẹ̀ pàápàá. Mósà àti mọ́ínmọ́ín ni ìyàwó mi jẹ ní Kérésì ọdún yẹn, ó sì fi ìka ha ìkòkò, ó tọ́ ọ wò, ó ní mo gbìyànjú.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ibi tí mo ti gun àkàbà lọ ta màrìwò ni wọ́n sì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Wọn ò ṣẹ̀ mí, èmi náà ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ohun tó kù lọ́kàn mi jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn àlejò lọ tán, tí ọmọ mi ń gbá ìdọ̀tí kúrò nínú ahéré, tí èmi ń kó ife. Ó dáwọ́ dúró.

"Dádì, àwọn tó kọ́kọ́ dé ẹnu géètì tí wọ́n padà, ṣé àwọn náà ni wọ́n tún wá?"

"Àwọn náà ni."

Ó tún ìgbálẹ̀ dì mú. "Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n wá."

Ó sì ń gbá ilẹ̀ rẹ̀ lọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀sán yẹn, ẹsẹ̀ tó ń padà lẹ́nu géètì mi nìkan ni mo ń wò, mo sì ń fi kọ̀ọ̀kan wọn bínú. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé kí èèyàn tó lè padà lẹ́nu ọ̀nà ẹni, ó ní láti kọ́kọ́ wọ bàtà, kó jáde nílé rẹ̀, kó sì wá.